Hope Ríwáyà àti Iná Pupa Tí Kò Ríran

Bí ẹ bá dé àdúgbò wa ní Ìgandò tí ẹ ní Hope Ọlátúnbọ̀sún lẹ̀ ń wá, wọ́n á ní àwọn ò mọ̀ ọ́n. Àmọ́ tí ẹ bá ti fi Ríwáyà kún un, ọmọdé tó ń ra búrẹ́dì lójú ọ̀nà á mú yín délé. Iṣẹ́ wáyà ọkọ̀ ló ń ṣe. Bí iná iwájú ọkọ̀ yín bá kọ̀ tí kò tàn, tí fèrè rẹ̀ ń dún nígbà tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án, tí bátìrì rẹ̀ ń kú láràárọ̀ bíi pé ẹ rán an níṣẹ́, ṣọ́ọ̀bù Hope lójú ọ̀nà Ẹ̀gbẹ́dá ni kí ẹ gbà lọ. Ẹ máa bá obìnrin kúkúrú kan níbẹ̀ nínú aṣọ iṣẹ́ aláwọ̀ búlúù, tó ki tẹ́sítà tó fi ń yẹ iná wò bọnú irun bí ẹni ki bírò bọ̀ ọ́. Á kọ́kọ́ fi yín ṣe yẹ̀yẹ́, lẹ́yìn náà ló máa ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì.

Èmi ni mò ń gbé yàrá tó kángun sí tirẹ̀. Olùkọ́ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí, ọmọ Oǹdó, Mọ́mì Ẹniọlá ni wọ́n ń pè mí nínú ilé. Èmi kì í ṣe olófòófó. Ògiri ilé wa ló tín-ín-rín.

Aránṣọ ni ìyá Hope fẹ́ kó dà. Ó mú un lọ bá ìyá aránṣọ kan ní Gowon Estate, wọ́n gbàdúrà, wọ́n pín mínírà, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Kò pẹ́ tí ọ̀gá fi rí i pé ọmọ yìí kì í wo aṣọ, abẹ́ máṣíìnì ló máa ń wò. Lọ́jọ́ kan tí ọ̀gá ń bá oníbàárà wọn aṣọ lọ́wọ́, Hope tú máṣíìnì tó ń lo iná palẹ̀, ó tún un tò. Nígbà tí wọ́n tan án, máṣíìnì sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé, ó ti rán apá bùbá mọ́ ọrùn bùbá kí wọ́n tó rí súìṣì pa. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló fà á lọ́wọ́ lọ bá àbúrò ọkọ rẹ̀ tó ń ṣe ríwáyà. Ó ní, "Ẹ gbà mí, ẹ mú ọmọ yìí, kó tó rán èmi náà mọ́ aṣọ."

Láti ọjọ́ náà ni Hope ti ń fi wáyà jẹun. Ọkùnrin tó bá kọ́kọ́ gbé ọkọ̀ wá á wò yí ká ṣọ́ọ̀bù, á ní, "Ọ̀gá yín dà?" Hope á ní, "Wọ́n wà nínú ilé, ẹ máa sọ̀rọ̀, màá bá yín jíṣẹ́." Ọkùnrin náà á ro ẹjọ́ ọkọ̀ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Hope á wọlé, á mu omi, á jáde padà, á ní, "Ọ̀gá ní kí ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì." Ó ti tún ọkọ̀ ṣe tán tí àwọn míì ṣì ń retí kí ọ̀gá jáde.

Ohun kan wà tí kì í fi ṣeré ṣá. Àwọn oníbàárà máa ń fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ fún un, wọ́n á gba ibi iṣẹ́ lọ, ọkọ̀ á wà lọ́dọ̀ rẹ̀ títí dìrọ̀lẹ́ pẹ̀lú gbogbo ohun tí wọ́n gbàgbé sínú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó tíì padà wá sọ pé òun wá nǹkan tì. Ó máa ń sọ fún mi pé, "Mọ́mì Ẹniọlá, iṣẹ́ yìí, orúkọ ni o. Ọjọ́ tí wọ́n bá pè mí lólè lẹ́ẹ̀kan péré, kí n yáa padà sídìí máṣíìnì."

Ọkọ̀ kan ṣoṣo ló ń sùn sínú ọgbà wa, ti Ọ̀gbẹ́ni Fẹ́kọ́mi ni, tí gbogbo wa ń pè ní Dádì Títí. Ọmọ Èkìtì ni, òṣìṣẹ́ ìjọba, ó sì ń kọrin ohùn ìsàlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà. Èèyàn dáadáa ni. Ẹnu rẹ̀ ni kò mọ ìgbà tó yẹ kó dákẹ́. Nígbà tí àwọn olè bẹ̀rẹ̀ sí í yọ bátìrì àti dígí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ kiri àdúgbò, Dádì Títí ò lè sun oorun mọ́. Ó fẹ́ fi alámù sínú Kòrólà rẹ̀, àmọ́ iye tí wọ́n pè fún un mú kó jókòó sílẹ̀.

Hope ní, "Dádì Títí, ẹ fi alámù sílẹ̀ jàre. Kí lolè ń rí tó fi ń sá? Ṣebí iná ni. Ẹ jẹ́ kí n bá yín fi iná pupa kan síbẹ̀, kó máa ṣẹ́jú sí wọn."

Mò ń sá aṣọ lọ́jọ́ náà, ìṣojú mi ló ṣe é. Ó lu ihò bíńtín sórí dáṣíbọ́ọ̀dù, nítòsí gíláàsì iwájú, ó ki gílóòbù pupa kan tí kò tóbi ju hóró àgbàdo lọ bọ̀ ọ́. Ó fa wáyà rẹ̀ gba ẹ̀yìn rédíò, níbi tí iná bátìrì ti máa ń wà yálà ọkọ̀ ń ṣiṣẹ́ tàbí kò ṣiṣẹ́, ó fi fíúsì kékeré há a láàárín kó má baà dáná sun ọkọ̀ ọlọ́kọ̀, ó sì de wáyà kejì mọ́ irin ara ọkọ̀. Ó ṣe é lọ́nà tó jẹ́ pé tí Dádì Títí bá ti fi kọ́kọ́rọ́ tan ọkọ̀, iná á kú. Tó bá yọ kọ́kọ́rọ́ báyìí, iná á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú, á tàn, á kú, á tàn, á kú.

Mo ní, "Hope, kí ló wà lẹ́yìn ẹ̀?"

Ó ní, "Rédíò."

"Yàtọ̀ sí rédíò ńkọ́?"

"Afẹ́fẹ́, mà."

Ó wá kìlọ̀ fún Dádì Títí pé kó má sọ fún ẹnikẹ́ni pé iná lásán ni, kó ṣáà dákẹ́. Bàbá gbà. Àwa mẹ́ta péré la mọ̀, èmi ò sì ní í sọ ohun tí wọn ò bi mí.

Ẹnu ẹyẹ ní í pa ẹyẹ. Dádì Títí ò sọ pé iná lásán ni lóòótọ́, àmọ́ kò dákẹ́ náà. Ó kọ́kọ́ ní alámù ni. Nígbà tó yá, ó ní kámẹ́rà ni. Nígbà tó fi máa tó ọjọ́ ìsinmi, kámẹ́rà ti ń ya fídíò gbogbo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ọgbà, ó sì ń fi í ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ̀, òjò ìbáà máa rọ̀, òkùnkùn ìbáà ṣú. Hope gbọ́. Dípò kó bá a wí, ńṣe ló gbà á lẹ́nu rẹ̀. Ó ní, "Ẹ ṣọ́ra yín o, ará ilé. Èmi ni mo fi sí i. Ó tún ń rí ẹ̀yìn ògiri díẹ̀."

Bẹ́ẹ̀ ni ìwà ṣe dára sí i nínú ilé wa. Kò sẹ́ni tó da omi abọ́ sí ojú ọgbà mọ́. Abdulganiyy, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tún fóònù ṣe ní Ìkọ̀tún, tó jẹ́ pé táwẹ́ẹ̀lì nìkan ló máa ń ró lọ sílé ìwẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í wọ jálàbíà lọ wẹ̀. Mo rí Ìyá Bàrákàt, tó ń ta èlùbọ́ níwájú ilé, tó ń kọjá níwájú ọkọ̀ tó sì tẹrí ba díẹ̀. Mo bi í léèrè ohun tó dé. Ó ní ọrùn ló ń dun òun.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan ni pọ́ǹpù tó ń fa omi fún wa pòórá. Ibi iṣẹ́ ni gbogbo wa lọ, Ìyá Bàrákàt sì ti lọ ra ọjà. Dádì Títí pàápàá ti wọ bọ́ọ̀sì lọ, nítorí epo ò sí nínú ọkọ̀ rẹ̀, ọkọ̀ náà sì wà nílẹ̀ látàárọ̀ tó kọjú sí ìdí kànga. Nígbà tí a máa fi dé, ìdí kànga ti ṣófo. Orí wáyà iná tí wọ́n gé ló kù níbẹ̀, wọ́n sì ti fi téèpù dúdú wé e lẹ́nu dáadáa.

Ẹni tó ń bá onílé bójú tó ilé ni Richard Ṣóbọ̀wálé. Díákónì la máa ń pè é, torí oyè tó jẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Òun ló ń fa omi sí táǹkì, òun ló ń ti géètì, òun náà ló ń pe ìpàdé. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ó kó gbogbo wa jọ sójú ọgbà, ó gbé orí wáyà náà sókè.

Ó ní, "Ẹ wo téèpù yìí. Ta ló ń lo irú ẹ̀ nínú ilé yìí?"

Ojú gbogbo ènìyàn rìn lọ sára Hope.

Hope rẹ́rìn-ín. Ó rò pé eré ni. Ó ní, "Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, sir. Olè wo ló ń fi téèpù wé wáyà kí iná má baà gbé ọmọ ilé? Olè tó ń gbé inú ilé nìyẹn."

Díákónì ní, "O ti fẹnu ara rẹ sọ ọ́. Inú ilé lo ń gbé." Ó wá yíjú sí wa. "Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á lé e bá. Tí oṣù yìí bá parí, kó kó ẹrù ẹ̀ jáde. Màá sì dé Ẹ̀gbẹ́dá fúnra mi, kí àwọn tó ń fi kọ́kọ́rọ́ mọ́tò sílẹ̀ fún un lè mọ irú èèyàn tó jẹ́."

Mo wo Hope. Ọmọ tó ní ẹ̀fẹ̀ fún gbogbo ọ̀rọ̀, ó fa tẹ́sítà yọ nínú irun, ó ń yí i lọ́wọ́. Inú bí mi débi pé mo dìde láìmọ̀. Mo ní, "Díákónì, ẹ̀rí dà?" Ó ní kí n jókòó, pé kíláàsì kọ́ nibí. Mo jókòó, àmọ́ mi ò dárí jì í di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí.

Díákónì ní tó bá dá Hope lójú pé kì í ṣe òun, kí gbogbo wa búra. Àwọn ẹlẹ́sìn Kristi á fi Bíbélì búra, àwọn Mùsùlùmí á fi Kùránì búra. Ojú bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n àwọn èèyàn. Ta ló fẹ́ búra nílùú Èkó? Ẹ̀ẹ̀kan náà ni mo rí nǹkan kan tó padà sójú Hope. Mo mọ ojú yẹn. Òun ló máa ń ṣe kó tó wọlé lọ jíṣẹ́ fún ọ̀gá tí kò sí.

Ó ní, "Díákónì, kí la fẹ́ máa yọ Ọlọ́run lẹ́nu sí nígbà tí kámẹ́rà wà? Mọ́tò Dádì Títí ò kúrò níbí ní Tọ́sìdeè. Ìdí kànga gan-an ló dojú kọ. Ẹ jẹ́ ká tan fídíò ká wò ó."

Dádì Títí bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Ó ní fídíò náà pọ̀ díẹ̀, ó máa gba kí òun jókòó dáwónlóòdù ẹ̀.

Hope ní, "Ẹ fara balẹ̀ ṣe é, sir. Tó bá di ọjọ́ Sọ́ńdè, tí àwọn tó lọ ṣọ́ọ̀ṣì bá ti dé, a máa wò ó pọ̀."

Bí ìpàdé ṣe tú báyìí ni Dádì Títí já wọ yàrá Hope. Mo ti sọ fún yín pé ògiri wa tín-ín-rín.

"Hope, ṣé o fẹ́ pa mí ni? Kí la máa fi hàn wọ́n, rédíò?"

"Ẹ fọkàn balẹ̀, sir. Ẹ ṣáà má jáde lọ́la. Ẹ jókòó sílé."

"Kí n jókòó ṣe kí ni?"

"Ẹ máa gbàlejò."

Ẹ̀yin náà mọ bí a ṣe ń ṣe nílẹ̀ yìí. Ẹni tó bá mọ ohun tó jẹ kì í dúró kí wọ́n tó pè é lẹ́jọ́, ẹ̀bẹ̀ ló máa ń gbé síwájú. Ilẹ̀ ọjọ́ Sátidé ò tíì fi bẹ́ẹ̀ mọ́ tí Ìyá Bàrákàt fi kan ilẹ̀kùn Dádì Títí pẹ̀lú abọ́ mọ́ínmọ́ín. Ó kúnlẹ̀. Ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n bá òun gé ibi tí òun ti ń bu omi nínú dúróòmù Lucy, onírun tó ń gbé yàrá iwájú, lẹ́yìn àsùbáà, kúrò nínú fídíò. Dádì Títí kàn ní, "Mo ti rí i." Ìyá Bàrákàt bú sẹ́kún.

Abdulganiyy ló tẹ̀ lé e. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ẹ dákun, sir. Èmi àti ẹnìkan, lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò yín, lọ́jọ́ tí wọ́n mú iná lọ."

"Ìwọ àti ta ni?"

"Ṣebí ẹ ti rí i, sir."

"Mo ti rí i," ni Dádì Títí wí, kò sì rí nǹkan kan.

Kò pẹ́ tí Lucy fi yọ́ wọlé. Ó ní kí wọ́n má jẹ́ kí Abdulganiyy gbọ́ pé òun wá, ibi kan wà tí òun fẹ́ kí wọ́n yọ kúrò, lọ́jọ́ tí wọ́n mú iná lọ. Báyìí ni Dádì Títí ṣe mọ ẹnìkejì. Nígbà yẹn, ipò náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mọ́ ọn. Ó ti wọ agbádá. Ó ń fi ohùn akọrin rẹ̀ dáhùn bíi bíṣọ́ọ̀bù, ó ń sọ pé, "Máa lọ, má ṣe é mọ́." Lẹ́yìn tí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá lọ tán, á sáré wá ròyìn fún Hope, tí wọ́n á jọ máa rẹ́rìn-ín, tí èmi náà á máa fi aṣọ di ẹnu ara mi níhà kejì.

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu Dádì Títí nígbà tí ìyàwó rẹ̀ dúró sẹ́nu ọ̀nà. Mọ́mì Títí ò kúnlẹ̀. Ó ní, "Bàbá Títí, kí ẹ tó rí i nínú fídíò, kẹ̀kẹ́ Márúwá kọ́ ló ha bọ́ńpà yín. Èmi ni. Mò ń kọ́ mọ́tò wíwà lọ́dọ̀ ara mi." Ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni Dádì Títí ti fi ń ṣépè fún oníkẹ̀kẹ́ tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ó jókòó, ó bọ́ agbádá.

Ọ̀sán ti pọ́n nígbà tí Díákónì wá. Ó rọra ti ilẹ̀kùn. Ó bi í bóyá lóòótọ́ ni kámẹ́rà náà rí ìdí kànga. Dádì Títí ní ó rí i. Díákónì wá ṣí fìlà lórí. Ó ní àna òun ló ń kọ́lé lọ́wọ́ ní Ìjẹ̀gùn, tí omi ò sí fún àwọn bíríkìlà, ló bẹ òun ní pọ́ǹpù. Òun rò pé ṣe lòun máa gbé e padà kẹ́nikẹ́ni tó fura. Ariwo wa ló yára jù. Nígbà tí ariwo ti sọ, ojú ti òun láti sọ pé òun ni, ọ̀rọ̀ Hope ló sì kọ́kọ́ bọ́ sí òun lẹ́nu. Ó ní, "Ẹ bá mi bò ó, Dádì Títí. Èèyàn ló ń bo èèyàn láṣìírí. Kó tó di ọ̀la, pọ́ǹpù á ti wà níbi tó wà tẹ́lẹ̀." Dádì Títí, tí kì í lè rí àgbàlagbà tó ń bẹ̀bẹ̀ kó má ṣàánú rẹ̀, gbà fún un.

Nígbà tó ròyìn rẹ̀ fún Hope, mi ò gbọ́ ẹ̀rín. Ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà lóòótọ́, inú ilé sì ni aṣeni ń gbé.

Hope ní, "Kó máa gbé e bọ̀ o. Orúkọ mi ńkọ́?"

Dádì Títí ní, "Tí a bá sọ pé òun ni, á ní ká tan fídíò. Kí la máa tàn?"

Mo gbọ́ tí Hope bẹ̀rẹ̀ sí í tú àwọn wáyà rẹ̀ wò.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìsinmi, bí a ṣe ń jáde lọ ṣọ́ọ̀ṣì, pọ́ǹpù ti wà nídìí kànga. Inú mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dùn ni mo gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ ní géètì. "Ẹ ò rí i? Ẹ̀rù kámẹ́rà ló bà á, ó ti dá a padà." Wọ́n ń wo fèrèsé Hope bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Ìgbà náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi pé ọ̀rọ̀ ti burú ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Pọ́ǹpù tó sọnù jẹ́ kí wọ́n fura sí i ni, èyí tó padà ti dá a lẹ́bi. Mo kọ orin ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ náà, mi ò mọ ohun tí mo kọ.

Nígbà tí a dé, Hope ti gbé tẹlifíṣọ̀n tirẹ̀ jáde sórí àga níwájú ọkọ̀. Aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ ló wọ̀. Ó ti fa iná láti ojú fèrèsé rẹ̀, wáyà gígùn mìíràn sì jáde lójú ilẹ̀kùn Kòrólà, ó lọ wọ ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n. Iná pupa ń ṣẹ́jú lórí dáṣíbọ́ọ̀dù. Ó ti to àwọn bẹ́ǹṣì sílẹ̀ bíi ti ìsìn. Dádì Títí dúró sẹ́yìn ọkọ̀, òógùn bò ó.

Díákónì kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní kí a dúpẹ́ fún Ọlọ́run, ohun tó sọnù ti di rírí. "Ẹni tó gbé e ti ronú pìwà dà. Ẹ jẹ́ ká dárí jì í, kó máa kó ẹrù ẹ̀ lọ ní ìrọwọ́rọsẹ̀. Fídíò ò wúlò mọ́."

Hope ní, "Ó wúlò, sir. Dádì Títí ti dáwónlóòdù ẹ̀ látìgbà tí wọ́n ti fi sí mọ́tò. Gbogbo ẹ̀ la máa wò. Ẹ jókòó."

Kò sẹ́ni tó jókòó. Abdulganiyy ní ojú ń dun òun, tẹlifíṣọ̀n ò dáa fún un. Lucy ní oníbàárà ń dúró de òun, lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Mọ́mì Títí ní ọbẹ̀ wà lórí iná. Ìyá Bàrákàt ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ará ilé, ṣebí ìdílé kan náà ni wá? Kí la fẹ́ máa wo ara wa sí?"

Hope wò wọ́n láti apá kan dé apá kejì. "Ẹ ò fẹ́ wò ó?"

"A ò fẹ́!" Wọ́n pa ohùn pọ̀ dáadáa, ohùn Díákónì ló ga jù.

"Àbí gbogbo yín ni?"

"Gbogbo wa!"

Ó gbé rìmóòtù. Ohùn rẹ̀ ò rí bíi ti ẹni tó ń ṣeré mọ́. Ó ní, "Ojú ọgbà yìí ni wọ́n ti pè mí lólè, gbogbo yín lẹ gbọ́. Kò sẹ́nì kan tó ní kí wọ́n má pè mí bẹ́ẹ̀, àfi Mọ́mì Ẹniọlá. Ẹni tí ò bá fẹ́ kí n tẹ nǹkan yìí, kó fẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́ níbí pé Hope kì í ṣe olè. Ẹnì kọ̀ọ̀kan."

Ìyá Bàrákàt ò jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀. "Hope kì í ṣe olè!" Abdulganiyy sọ ọ́, Lucy sọ ọ́ lé e, wọn ò wo ojú ara wọn. Mọ́mì Títí sọ ọ́, ó fi "Ọlọ́run gbọ́" kún un. Dádì Títí, tí kò sẹ́ni tó bi í, sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Èmi náà sọ ọ́, torí mo ti fẹ́ sọ ọ́ láti ọjọ́ Fúráìdè, ó sì dùn lẹ́nu mi.

Ó wá ku Díákónì. Ó ń wo ilẹ̀. Ó kùn nǹkan kan sínú, kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ.

Hope gbé àtàǹpàkò lé orí rìmóòtù. "Ẹ sọ ọ́ sókè, sir. Kámẹ́rà ò gbọ́."

Díákónì gbójú sókè wo iná pupa náà, iná sì ṣẹ́jú sí i. Ó ṣí fìlà.

"Hope kì í ṣe olè!"

Ó pariwo rẹ̀ débi pé àwọn tó ń kọjá lójú títì dúró wo inú ọgbà. Hope ní, "Ẹ ṣeun, sir." Omi ti kún ojú rẹ̀, ó ń fi apá aṣọ iṣẹ́ nù ún, ó sì fi ọwọ́ kejì gbé tẹlifíṣọ̀n kúrò lórí àga. Wáyà gígùn yẹn fà tẹ̀ lé e, ó sì fa orí kejì jáde lẹ́nu ilẹ̀kùn ọkọ̀, ó jábọ́ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ mi. Kò so mọ́ nǹkan kan. Mo gbé bàtà ṣọ́ọ̀ṣì mi lé e kí Díákónì tó yíjú padà, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́.